Òkúta Inú Bàtà Ọ̀tún

Mo ń kọ èyí fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí ara rẹ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé sì ti sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, ohun tí mo sì mọ̀ nípa àìsàn yìí kò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ara mi lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dá mi lójú, màá sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò bá ti dá mi lójú, màá sọ bẹ́ẹ̀ náà. N kò ní purọ́ fún ọ pé ẹ̀rù kò bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Sabon Gari, ní ilẹ̀ Hausa, ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń ta ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín ní Enugu Road. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, ti kú. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Nassarawa GRA, níbi tí mo ti ń tẹ àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn lọ, mo sì máa ń gba ojú irin àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa.

Wọ́n ní ẹ̀pà ni ọkọ̀ ojú irin ń kó gba ibẹ̀ nígbà kan. Kí wọ́n tó bí mi ni ọkọ̀ ti dẹ́kun, tí wọ́n sì ti hú irin ibẹ̀ kúrò. Ààtàn ni ibẹ̀ jẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará àdúgbò àti ẹgbẹ́ àwọn arọ pawọ́ pọ̀, wọ́n kó pàǹtí ibẹ̀ dànù, wọ́n da ilẹ̀ pupa sí i, wọ́n lù ú le, wọ́n gbin dongoyárò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọn kò ṣe àtẹ̀gùn kankan síbẹ̀. Gbogbo ibi tó ga ni wọ́n ṣe ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí kẹ̀kẹ́ àfọwọ́yí tí àwọn arọ ń lò lè gùn ún. Òpó irin tí wọ́n rì sí ẹnu ọ̀nà kì í jẹ́ kí adaidaita sahu, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gba ibẹ̀. Àwa Yorùbá ń pè é ní Ojú Irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irin níbẹ̀ mọ́, àfi òkúta dúdú tó ṣẹ́ kù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn mi, bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ ojú kan tí kò sì gbé e kúrò. Mo fura sí ìjókòó kẹ̀kẹ́. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìrora kò yí padà. Mo gbé kẹ̀kẹ́ tì, mo fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ kejì, kò yí padà. Ó yẹ kí ẹni tó ka ìṣirò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí òun fura sí kọ́ ló fà á. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn oṣù kan, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi á ti tutù fún òógùn. Mo lu ihò tuntun sí ìgbànú mi, nígbà tó yá mo tún lu òmíràn. Ìyá mi ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń gbẹ mí.

Ìyá Gwagwarwa ló fún un lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ibi tó ń gbé la fi ń pè é. Ó wá kí wa ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó rí i pé ògiri ni mo dì mú kí n tó jókòó. Kò bi mí níbi tó ń dùn mí. Ó bi mí pé ẹyọ ṣúgà mélòó ni mo ń fi sí ṣáyì. Mo ní mẹ́rin. Ó pàtẹ́wọ́, ó wo ìyá mi.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó ti kúrò ní ìdí, ó ti gun ẹ̀yìn."

Mo sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé n kò rò pé ṣúgà lè mú ara gbóná ní ìrọ̀lẹ́.

"Ìwé tó o kà dára," ó wí, "ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò kàwé, ẹ̀yìn kò sì pa á. Mu àgbo, ọmọ mi."

Mo mu àgbo. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìrora fi dín kù, ó sì padà. Ìyá Gwagwarwa ní kí n fi kún un, kí n sì wá ẹni tí yóò máa gun ẹ̀yìn mi.

Bí o bá dàgbà nínú ilé Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí o mọ ohun tó ń sọ. Bí ẹ̀yìn bá ń ro bàbá mi nígbà ayé rẹ̀, á dojú bolẹ̀ lórí ẹní, á pè mí, èmi á di ògiri mú, màá sì máa tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Kò sí ẹni tó ka èyí sí oògùn. Iṣẹ́ ọmọdé ni, bíi kí wọ́n rán ọ lọ bu omi. Nínú ilé wa báyìí, Rúká ni ọmọdé. Ọmọ ọdún méje ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Kaduna, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ti ń lọ sí ilé-ìwé. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí a ń sọ, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń dáhùn. Kawu ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni.

Lẹ́yìn ìrun àsárì lójoojúmọ́, Rúká á gun ẹ̀yìn mi, á sì máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ ní Hausa. Ó dùn mọ́ ọn. Ó tu èmi náà lára, ìrora á rọlẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo sì fẹ́ kí o wò ó dáadáa: mo ka ìtura sí ìwòsàn. Mo lè rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ń rìn lọ ní Ojú Irin. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn mi.

"Malam, takalminka."

Ó ń sọ fún mi nípa bàtà mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà nílẹ̀ ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ó wà lásán lórí ilẹ̀ pupa, òkúta dúdú kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé bàtà ti bọ́. N kò mọ̀ pé mo tẹ òkúta.

Mo padà lọ mú un, mo sì fi ọwọ́ wọ̀ ọ́, nítorí n kò lè fọkàn tán ẹsẹ̀ náà láti wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ilé, mo fi èékánná já àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń já. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pinnu pé màá lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Rúká gun ẹ̀yìn mi bí ó ti máa ń ṣe. N kò dá a dúró, torí n kò fẹ́ kí wọ́n bi mí ní ìdí. Bí ó ti ń ṣeré, ó fò lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan kan sáré láti ẹ̀yìn mi dé gìgísẹ̀, bíi mànàmáná. Mo ní ó tó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi méjèèjì kò dáhùn. Mo pe ìyá mi. Ó gbìyànjú láti gbé mi ró, mo wó lé e lórí. Rúká dúró sí ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ìyá mi yíjú sí i.

"Kí lo ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀?"

Ẹ̀rù ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn. N kò rò pé ìyá mi tún rántí pé òun sọ ọ́.

Àwọn aládùúgbò gbé mi sínú adaidaita sahu. A dé ilé ìwòsàn kí agogo méje tó lù, a sì rí dókítà lẹ́yìn ìrun àìlá. Láàárín méjèèjì, ìlà gbígba káàdì ni, ìlà wíwọn ara gbígbóná, ìlà ìjókòó gígùn tí gbogbo èèyàn ń sún lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò lè jókòó, wọ́n tẹ́ ìró ìyá mi sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá mi jókòó síbi ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo gbé orí sókè, mo rí i pé ó ti di ẹsẹ̀ mi mú. N kò mọ ìgbà tó dì í mú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sunkún.

Dókítà náà kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ẹsẹ̀ mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ní kí n sọ̀rọ̀ níbi tí mo bá ti mọ̀ ọ́n lára. Ó gún un títí, n kò sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá mo ń húkọ́. Mo ní rárá. Ó kọ̀wé fún àwòrán kan nílé ìwòsàn náà àti òmíràn níta, èyí tó mú kí ìyá mi ta fìríìsà rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó gbé àwòrán náà sí ojú iná, ó fi bírò tọ́ka sí ibi tí egungun méjì ti jẹra.

"Ikọ́ ife ni. Inú egungun ẹ̀yìn ló wọ̀."

Ìyá mi ní, "Dókítà, ọmọ mi kì í húkọ́."

Ó ní ó lè wọ egungun láìjẹ́ pé èèyàn húkọ́ rárá, àti pé ọyún rẹ̀ ló ń tẹ okùn inú ẹ̀yìn tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ó bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan ibẹ̀. Ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ Rúká fún un. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Mo bi í bóyá bí ọmọ náà ṣe ń gun ẹ̀yìn mi ló fà á. Ó ní rárá, àìsàn náà ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n bóyá gígùn náà mú un yá kánkán, òun kò lè búra. Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo ti ń yẹra fún: ṣé màá tún rìn?

"Ọ̀pọ̀ wọn ló ń rìn," ó wí.

Mo gbọ́ pé kò sọ pé gbogbo wọn.

Ó ní bí oògùn kò bá jí ẹsẹ̀ náà láàárín oṣù díẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù, ìlú mìíràn ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, fún oṣù méjìlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ìtọ̀ mi pupa bíi zobo. Ó dá mi lójú pé ẹ̀jẹ̀ ni, pé inú mi ti ń bàjẹ́. N kò sọ fún ìyá mi títí nọ́ọ̀sì fi sọ pé àwọ̀ oògùn ni. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, béèrè. Má ṣe dá gbé ẹ̀rù rẹ bí mo ti ṣe.

Ní ilé, a kò dárúkọ àìsàn náà. Ìyá mi ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń dùn mí. N kò bá a wí: ta ni yóò jẹun lọ́wọ́ obìnrin tí wọ́n bá ní ikọ́ ife wà nílé rẹ̀? Dókítà ní irú tèmi, tí kò sí ikọ́ níbẹ̀, kì í ràn, wọ́n sì yẹ gbogbo ilé wò láìrí nǹkan kan, ṣùgbọ́n àlàyé kò yára tó òfófó. Ìyá Gwagwarwa ní kí n jáwọ́ nínú oògùn, kí wọ́n gbé mi lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Ó ní ikọ́ kì í gbé inú ẹ̀yìn, pé ta ló rí irú rẹ̀ rí. Ó pe àwọn àgbà ilé jọ. Ìyá mi, tí kì í bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jiyàn, tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó lo tirẹ̀ tán ná."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ nìyẹn. Òun ló gbà mí.

Mo dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì. Àwọn tó wá kí mi á ní, "Yaya jiki?", ara ńkọ́? Ìdáhùn tí Hausa ń fún aláìsàn ni pé "Da sauƙi", ó ti rọlẹ̀. Mo ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ láìní ẹ̀rí kankan. Láràárọ̀, mo ń pàṣẹ fún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi kí ó mira, mo sì ń wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ti òsì mira. Mo rò pé ojú mi ló tàn mí. Mo pe ìyá mi wá wò ó. Ó rí i. Ti ọ̀tún kò mira.

Nígbà tí dókítà gbà kí n máa jókòó pẹ̀lú bẹ́líìtì líle tó di ẹ̀yìn mi mú, Malam Sani gbé kẹ̀kẹ́ àfọwọ́yí kan wá. Oníbàárà ìyá mi ni, arọ láti kékeré, òun fúnra rẹ̀ ló ń jó irin àwọn kẹ̀kẹ́ náà pọ̀. Mo dúpẹ́, mo sì ní kó gbé e padà. Ẹ̀rù tó bà mí ni pé bí mo bá jókòó sínú rẹ̀, n kò ní dìde mọ́. N kò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ ọ. Ó ní ní Hausa pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe sàréè. Ó rẹ́rìn-ín.

"Èmi ti jókòó sínú tèmi, mo fẹ́ ìyàwó, mo bí ọmọ mẹ́fà. Ìwọ yá èyí. Ọjọ́ tó o bá ṣe tán, gbé irin mi padà fún mi."

Ojú ti mí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé mi sórí rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe padà sí Ojú Irin, tí mò ń fi ọwọ́ yí pẹ́dà, tí Rúká ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí wọn kò fi ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀. Lábẹ́ dongoyárò kẹta, màá di igi rẹ̀ mú, màá dìde dúró, màá ka ogún, màá jókòó. Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo ń fi ọ̀pá gbé ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ẹsẹ̀ òsì ń gbé mi, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ohun tó ń tẹ̀. Mo ń wọ́ ti ọ̀tún tẹ̀lé e.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń mọ nǹkan lára, nítorí náà mo ṣe ìdánwò kan. Màá dijú, Rúká á mú òkúta kékeré kan nínú àwọn òkúta dúdú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, á fi sínú bàtà mi kan, èmi á sọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Bí mo bá gbà á, á ní, "Ka ci, Kawu." Mo kọ ọ́ sínú ìwé: méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Mo mú ìwé náà lọ fún dókítà. Ní tòótọ́, inú mi dùn.

Ó kà á. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ẹsẹ̀ mi méjèèjì. N kò mọ̀ ọ́n. Ó tún wo ìwé náà.

"Ta ni adájọ́?" ó béèrè.

Mo ní Rúká ni. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi padà, mo ń bi ara mi léèrè. Bí ìwé náà bá parọ́, kí ló kù tí mo mọ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́, a lọ síbi dongoyárò. Mo dijú. Mo ní ọ̀tún. Ó ní, "Ka ci, Kawu." Mo la ojú kí ó tó yọ òkúta. Inú bàtà òsì ló wà.

N kò bínú. Mo kàn bi í ní ìdí. Ó wo òkúta náà títí, ó sì dáhùn ní Yorùbá, èyí tí kì í sọ.

"Èmi ni mo ba ẹ̀yìn yín jẹ́. Ìyá Àgbà sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ máa gbà á."

Láti àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn ló ti ń gbé e kiri. Mo rántí ohun tí dókítà kò lè búra lé. Mo wọn ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́, torí n kò fẹ́ fi irọ́ tèmi san tirẹ̀. Mo sọ fún un pé àìsàn ti wà níbẹ̀ kí ó tó gùn mí. Mo ní òun kọ́ ló pe ara rẹ̀, èmi ni mo pè é. Mo ní mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Sátidé pé ẹsẹ̀ mi kú, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀bi bá wà, tèmi ni. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Mo ní kí ó tún fi òkúta sí i, kí ó sì sọ ohun tó bá rí.

Mo dijú. Mo ní ọ̀tún.

"A'a, Kawu. Hagu ne." Rárá. Òsì ni.

Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo gbà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń méfò lásán lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Mo ti lo oògùn tán báyìí. Mo ti gbé kẹ̀kẹ́ àfọwọ́yí padà fún Malam Sani. Pẹ̀lú ọ̀pá, mo ń rin Ojú Irin láti ẹnu òpó irin dé dongoyárò tó gbẹ̀yìn, n kò sì tíì gun kẹ̀kẹ́ mi. Dókítà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún lè má padà tán. Bí ẹ̀yìn bá ro mí díẹ̀, àyà mi á já. Mo ṣì ń bojú wẹ̀yìn bí mo bá ń rìn, láti wò bóyá bàtà mi wà nílẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ bá ń dùn ju oṣù kan lọ, tí ara ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́, tí o ń rù, má ṣe jẹ́ kí ọmọdé gùn ún, má sì ṣe dúró de ọjọ́ tí bàtà yóò bọ́. Lọ, kí o ní kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ. Bí wọ́n bá fún ọ ní oògùn, lò ó tán.

Rúká ṣì ni adájọ́. Lánàá, mo gba méje nínú mẹ́wàá. Mo gba méje náà gbọ́, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ "a'a" lẹ́nu rẹ̀.